Yíyà Kì í Ṣe Yíyí Padà: Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ìpa-Ọ̀nà-Dà Nínú Ògbufọ̀ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ó ti rí fún ẹni tí ń rìn ni ó rí fún ẹni tí ń túmọ̀ èdè. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọwọ́ tí àwa olùkọ́, òǹkọ̀wé àti atúmọ̀ fi ń mú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ mọ́ fífi ọ̀nà kan sílẹ̀ láti gba òmíràn, irú bí detour, divert, swerve àti branch. Èrò wa ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, Yorùbá a máa béèrè ìdí tí arìnrìn-àjò fi kúrò lójú ọ̀nà, àti bóyá yóò tún padà sí i. Atúmọ̀ tí kò bá béèrè ìbéèrè méjì yìí yóò ṣìnà.

Inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ hàn sí mi, ní Ìkàrẹ́-Àkókó. Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan láti túmọ̀. Igi wó dí ọ̀nà mọ́ awakọ̀ kan, ó sì ṣe detour. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ pé awakọ̀ náà yí padà, mo sì gbà á fún wọn. Ọmọ Ọ̀kà kan kọ ọ́ pé awakọ̀ náà gba ẹ̀bùrú. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i, nítorí ẹ̀bùrú jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sá pamọ́ létí mi. Nígbà tí mo dá ìwé wọn padà, ọmọ náà dìde, ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí awakọ̀ náà bá yí padà, ilé ni ó ń lọ. Kò ní dé ibi tí ó ń rè mọ́.’

N kò rí èsì fọ̀. Àyọkà náà sọ pé awakọ̀ dé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tí mo fún ní máàkì ti dá a padà sílé. Ẹni tí ó bá mọ òkè Ọ̀kà, tí ó mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ti ń ṣẹ́ kọ́nà láàárín àpáta, yóò mọ̀ pé yíyí ọkọ̀ padà àti wíwá ọ̀nà mìíràn gbà kì í ṣe ohun kan náà. Òótọ́ ni pé ‘gba ọ̀nà mìíràn’ ìbá tún dára ju ‘gba ẹ̀bùrú’ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ ohun tí àwa kò rò. Mo dá máàkì rẹ̀ padà fún un.

Ẹ jẹ́ kí á to àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ó ṣẹ́rí padà ti fi ìrìn-àjò náà sílẹ̀. Ẹni tí ó gba àbùjá fẹ́ tètè dé, ẹni tí ó sì gba ẹ̀bùrú lè má fẹ́ kí a rí òun. Ẹni tí ó yàgò fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọkọ̀ tí ó yà bàrá kò rò ó tẹ́lẹ̀ kí ó tó kúrò lójú títì. Ohun tí ó bá yẹ̀, ipò tí ó tọ́ sí i ni ó ti kúrò, bí eegun ti í yẹ̀ lóríkèé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yà láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀kà kò tí ì fi ìrìn-àjò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá kí i tán, yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà pàápàá a máa yà. Láti ibẹ̀ ni ìyànà ti wá, tí a fi ń pe Ìyànà-Ìpájà àti Ìyànà-Ìbà ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Yà yìí ni ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn wa a máa sọ pé àwọn branch sí ilé ọ̀rẹ́ àwọn. Létí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi tàbí ọ̀nà ni ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe é, ọ̀nà mìíràn ni ó mú pọ̀n, kì í ṣe pé ó dúró kí ẹnìkan. Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì a máa fa igi lé e nínú ìwé ọmọ, wọn kì í sì í sọ ìdí rẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ mọ ohun tí ìdánwò ń béèrè. Ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé yà ni ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, àti pé àìmọ̀kan kọ́ ni ó bí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford gba nǹkan bí 30 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà wọlé, tí danfo àti okada wà lára wọn. Bí àwọn onílé bá ti ṣílẹ̀kùn, kí ni àwa tún ń tì í sí?

Bí a bá yíjú sí lítíréṣọ̀, ohun kan náà ni a óò rí. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, àwọn ọdẹ ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ni ó gba ibi tí ó pọ̀ nínú ìtàn náà. Bí a bá ka ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dúró sí bí ẹni pé ìṣìnà ni, a ti ba ìwé náà jẹ́. Wọlé Ṣóyínká, tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, kò fi dandan lé e pé kí ọ̀rọ̀ kan dúró fún ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ti rìn lọ́nà yìí ṣáájú rẹ̀. Repent jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ronú pìwà dà fi hàn pé èrò ni ó ń ṣáájú, kí ìwà tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dun ni jù ni ìròyìn tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé ẹnìkan divert owó ìlú, a máa ń gbọ́ ọ ní Yorùbá pé ó darí owó gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó fi owó kànga kan ṣe afárá fún ìlú kan náà, a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilé ara rẹ̀ ni ó fi owó náà kọ́, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un: ó kó owó jẹ. Bí ilé-ẹjọ́ kò bá tí ì dájọ́, kí á sọ pé wọ́n fi ẹ̀sùn ìkówójẹ kàn án. Atúmọ̀ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò bo olè ti bá a gbé ẹrù.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń kọ́ ní Àkókó ní èdè ju méjì lọ lórí. Èdè tí ọmọ Àrìgìdì ń sọ nílé yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì sì tún wà lẹ́yìn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa pé ọ̀rọ̀ èdè kan kì í ṣe òjìji ọ̀rọ̀ èdè kejì. Kí àwa má fi bírò pupa gba ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá pàdé irú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, kí á kọ́ ọ láti béèrè: kí ni ó lé arìnrìn-àjò kúrò lójú ọ̀nà? Ṣé ó rò ó tẹ́lẹ̀? Ṣé yóò padà sí i? Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n àbùjá kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ.