Ìlù Rìnrìn-àjò, Ọ̀rọ̀ Jókòó Sílé

Níbi ìnáwó òkú àgbà kan tí a ṣe ní Imota, ní apá Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ẹgbẹ́ eléré jùjú kan ni wọ́n pè síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó, ẹsẹ̀ wọn sì bá ìlù mu. Nígbà tí ó yá, onígángan fi ìlù pe òwe: àgbà kì í wà lọ́jà. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹnu parí rẹ̀: kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wo inú agbo ijó. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀dọ́ náà mọ̀ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ìrírí yìí ni ó mú mi padà sí ìdí Juju Music, àwo orin tí ilé-iṣẹ́ Island gbé jáde fún King Sunny Adé ní 1982. Bob Marley ti kú ní 1981. Island sì ń wá olórin mìíràn tí yóò gba ọkàn gbogbo ayé. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó bójú tó iṣẹ́ náà. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, wọ́n sì fa orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Grammy. Ní 1983 kan náà ni ilé-iṣẹ́ Virgin gbé àwo Ebenezer Obey jáde. Nígbà tí Aura dé ní 1984, Stevie Wonder pàápàá dá sí i. Ṣùgbọ́n ọjà kò tà tó bí Island ti retí, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pínyà.

Àwọn kan ní òyìnbó ni ó fi ẹ̀rọ ba jùjú jẹ́. N kò bá wọn gbà á. Láti ìgbà Túndé King ní ìlú Èkó, láàárín ọdún 1930 sí 1939, ni jùjú ti ń yá nǹkan lò. Gángan tí a ń pè ní ọkàn jùjú lónìí kò bá a dáyé. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ó wọ inú rẹ̀. I.K. Dairo mú akọ́díọ̀nù wọlé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Sunny Adé náà mú gìtá onírin tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń tẹ́ sílẹ̀ ta wọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lé ẹ̀rọ Aura jáde ní láti lé gìtá náà jáde pẹ̀lú.

Ibòmíràn ni ìyípadà tòótọ́ wà. Nínú àwo tí a ń tà nílé nígbà náà, ojú kan lè jẹ́ eré kan ṣoṣo tí ń lọ sí ogún ìṣẹ́jú: orin ń wọ inú orin, oríkì ń tẹ̀ lé òwe, ìlù ń ki ẹni tí ó náwó. Orin méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Island tò sínú Juju Music. Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ mọ́, bí àwọn gìtá ti ń dá ara wọn lóhùn sì ń dùn mọ́ni títí dòní. Síbẹ̀, àyè ìkíni dín kù. Ẹ wo “Jà Fún Mi” tí ó ṣáájú gbogbo wọn. Orí ni olórin ń bẹ̀. Adùn ni ẹni tí kò mọ Orí yóò gbọ́; àdúrà ni Yorùbá ń gbọ́.

Ẹ̀bi kọ́ ni èyí jẹ́ fún àlejò, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè ṣe ju kí ó jó lọ. Kódà, Christopher Waterman láti Amẹ́ríkà wá ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn, ó sì tẹ odidi ìwé lórí jùjú jáde ní 1990. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé bí wọ́n ti ń gbọ́ jùjú ní London ni àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ ní Imota. Àwa olùkọ́ èdè jẹ nínú ẹ̀bi yìí. A ń kọ́ wọn ní oríkì àti òwe láti inú ìwé, a kì í sì í béèrè ohun tí gángan ń wí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun ilé kò lè tà lóde. Àwọn orin àtijọ́ ilẹ̀ wa ni Sunny Adé kó sínú Odù ní 1998, wọ́n sì tún fa orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Grammy. Nítorí náà, mo dábàá pé kí a gbé àwo jùjú wọ inú kíláàsì Yorùbá, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀ bí ó ti ń kọ ewì. Kí ẹni tí ó bá sì ń tún àwọn àwo àtijọ́ tẹ̀ jáde tẹ ọ̀rọ̀ onígángan mọ́ ọn.

Ìyá arúgbó ọjọ́ náà ṣì dá ìlù lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń jó níwájú rẹ̀ ni yóò jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ iwájú. Ó yẹ kí òun náà mọ ibi tí òwe parí sí.