Sányán: Iṣẹ́ Kòkòrò, Iṣẹ́ Ọwọ́

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, bá ń yan lọ síbi àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wo ẹni tó bá wọ ojúlówó sányán dáadáa. Aṣọ òkè onísílíìkì náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aró ló fún un ní àwọ̀. Ara kòkòrò ló ti gbé e wá.

Ọmọ àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Anaphe ni kòkòrò ọ̀hún. Irun ara rẹ̀ ń yúnni, kì í sì í dá jẹun. Wọ́n á jọ bo igi arère tàbí igi ìrà, wọ́n á jẹ ewé rẹ̀ ku ẹ̀ka lásán. Tí àsìkò bá tó, wọ́n á jọ ta òwú, wọ́n á fi kọ́ ilé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á wọ̀. Kòkòrò sílíìkì ti Ṣáínà ń dá ta tirẹ̀ ni.

Ilé náà le, kò ṣe é fà lásán. Wọ́n á sè é nínú omi eérú títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á wá fara balẹ̀ ran án bí ẹni ran òwú, kí ahunṣọ tó gbé e sórí òfì. Lójú tèmi, kò sí aṣọ òkè tó gba sùúrù tó o.

Òwú ọjà ló pọ̀ nínú sányán òde òní. Nítorí náà, ẹ̀yin tí sányán ìyá yín àgbà ṣì wà nínú àpótí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n, ẹ máa fẹ́ ẹ sátẹ́gùn, nítorí àwọn àfòpiná kéékèèké kan wà tí ọmọ wọn ń jẹ sílíìkì.