Aṣọ Funfun Tí Ẹ̀jẹ̀ Kán Sí

A kò ní láti kọ́ ọmọ Ìfọ́n ní ohun tí aṣọ funfun jẹ́. Ìlú Olúfọ́n ni ìlú Òrìṣà Aláṣọ Àlà, àwọn baba wa sì kà á sí èèwọ̀ kí àbàwọ́n kan àlà. Ojú náà ni a fẹ́ fi wo àwòrán kan tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí Frida Kahlo, obìnrin ará Mẹ́síkò, yà ní ọdún 1939. Orúkọ rẹ̀ ni Frida Méjì.

Obìnrin méjì tí ojú wọn jẹ́ ọ̀kan náà jókòó pọ̀, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Òfuurufú ṣú lẹ́yìn wọn bí ẹni pé ìjì ń bọ̀. Èyí tí ó wà ní ọwọ́ òsì wa wọ aṣọ funfun ti àwọn ìyáàfin Yúróòpù; èkejì wọ aṣọ àwọn obìnrin Tehuantepec ní ìhà gúúsù Mẹ́síkò. Ọkàn àwọn méjèèjì hàn síta: ti aláṣọ funfun ti fàya, ti èkejì pé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan jáde láti inú àwòrán kékeré tí èkejì mú dání, ó gba ọkàn rẹ̀ kọjá sí ti aláṣọ funfun, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí itan rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti fi ẹ̀mú àwọn oníṣẹ́ abẹ di ẹnu iṣan náà mú. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń kán.

Ní ọdún 1924, ní Párísì, ni André Breton gbé ìwé jáde láti kéde ọ̀nà tí a ń pè ní Surrealism, èyí tí ń fi ohun ojú àlá hàn bí ohun tí a fojú rí. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ka Frida mọ́ ara wọn, a sì pàtẹ àwòrán yìí pẹ̀lú tiwọn ní Mexico City ní ọdún 1940. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀. Ó ní ìgbésí ayé òun ni òun ń yà, kì í ṣe àlá.

Àwọn kan a máa wí pé ẹkún ọkọ lásán ni àwòrán náà. Wọn kò purọ́ tán. Ní ọdún 1939 yìí ni òun àti ọkọ rẹ̀, Diego Rivera, kọ ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n tó tún ara wọn fẹ́ ní 1940. Àwòrán Diego ní ìgbà èwe sì ni ohun kékeré tí iṣan náà ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti tò ó. Ọkọ kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ gbà lọ. Obìnrin méjì ni ó kún ojú àwòrán, kò sì sí èyí tí ó ga ju èkejì. Nígbà tí ìjì dé, ara rẹ̀ ni ó rí dì mú. Kò sí omijé lójú wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ wa ni.

Aṣọ pàápàá ń sọ̀rọ̀. Jámánì ni a ti bí bàbá Frida. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Mẹ́síkò lára. Àwọn obìnrin Tehuantepec jẹ́ ọlọ́jà tí òkìkí wọn kàn. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ìyálọ́jà wa yóò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ ẹni tí ó wọ aṣọ wọn ni ọkàn rẹ̀ pé.

Ìṣọ́ra yẹ wá níhìn-ín, nítorí aṣọ funfun Frida kì í ṣe àlà, a kò sì gbọdọ̀ gbé ìtumọ̀ Ìfọ́n ka orí Mẹ́síkò. Àǹfààní tí ojú wa ṣe ni pé ó tètè rí àbàwọ́n. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà: òdòdó pupa wà níbẹ̀ bí ọ̀ṣọ́, ẹ̀jẹ̀ sì kán sí àárín wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò ka ẹ̀jẹ̀ mọ́ òdòdó. Lójú tiwa, ibí ni ọgbọ́n àwòrán náà gbé wà. Mélòó nínú ìrora ìyá àti arábìnrin wa ni àwa náà ti kà mọ́ ọ̀ṣọ́, tí a ń yìn wọ́n fún sùúrù, tí a kò sì béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá?

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi àwòrán yìí kọ́ni, kí ó má tètè sọ ìtumọ̀. Kí ó ní kí àwọn ọmọ ka òdòdó tí ó wà létí aṣọ náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá nawọ́ tí ó wí pé, “Tíṣà, èyí kì í ṣe òdòdó o,” ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.