Òdo Kì í Ṣe Ẹ̀rí
Ohun tí mo mọrírì jù lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: kó tó fọwọ́ kan wáyà, á fi mítà wọn ibi tó dájú pé iná wà, á wọn wáyà náà, á sì tún padà síbi àkọ́kọ́. Àwọn kan ní ìfàkókòṣòfò ni, pé mítà ṣáà ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn mítà bá já nínú rọ́bà, tàbí tí a yí i sí DC níbi tí AC wà, òdo ló lè kọ lórí 230 fólítì. Ní Nàìjíríà wa ńkọ́, níbi tí iléeṣẹ́ iná ti lè mú iná lọ nígbà tí síwíìsì ṣì wà ní títàn? Ìwọ̀n kẹta ló ń tú àṣírí náà.