Omi Ẹran Ni Indomie Ń Mu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá alásè mọ Indomie sè, kó kọ́kọ́ wo ẹran rẹ̀. Indomie fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n ti fi oru omi gbígbóná sè é, wọ́n sì ti dín in nínú òróró, kó tó kúrò nílé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Ọ̀tà láti 1995. Dídín yẹn ló ń lé omi inú rẹ̀ jáde, tó ń fi ihò wínníwínní sí i lára. Inú ihò wọ̀nyẹn ni omi gbígbóná ń gbà wọlé, tí ìṣẹ́jú mẹ́ta fi tó o. Ó wá ku omi tí ẹ fẹ́ kó mu.

Omi ẹran ni ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọn kì í tètè da omi sórí ẹran. Wọ́n á gbé ẹran màlúù sọ́wọ́, ibi itan tó ní iṣan díẹ̀, wọ́n á wo ibi tí fọ́nrán rẹ̀ kọrí sí, wọ́n á sì gé e dábùú kó má baà di ohun tí eyín ń fà tì. Ó di inú ìkòkò: àlùbọ́sà, iyọ̀ díẹ̀, táìmù, kọ́rì, atalẹ̀ tí wọ́n rin. Wọ́n á dé e pa, sórí iná kékeré. Láìpẹ́ omi ara ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìgbà tí ìyẹn bá fẹ́ gbẹ ni wọ́n tó bu omi sí i, níwọ̀nba. Bó bá tún fà, wọ́n á tún bù. Ẹni tí ebi ń pa á ní wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kó máa sọ. Iṣan tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi ló ń mú un ki, tó fi ń lẹ̀ mọ́ ètè, kò sì sí iná ńlá tó lè kán an lójú.

Bí ẹran bá ti rọ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á yí i nínú òróró títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Ata rodo àti àlùbọ́sà á tẹ̀lé e. Tí aládùúgbò bá ti ń sín, omi ẹran ti ń padà bọ̀ nìyẹn.

Ojú tí wọ́n fi ń wọn omi yìí ni mo fẹ́ràn jù. Wọn ò lo ife. Omi ò gbọdọ̀ bo Indomie mọ́lẹ̀. Bó bá ti dé ìdajì rẹ̀, ó tó. Wọn kì í sì í run ún. Odindi ló ń wọlé, wọ́n á dé e, wọ́n á yí i padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá fi fọ́ọ̀kì tú u. Àwọn kan ń bọ̀ ọ́ nínú omi lásán, wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á wá bu ọbẹ̀ lé e. Oúnjẹ náà ni, àmọ́ ọbẹ̀ nìkan ló dùn níbẹ̀. Ìdajì èròjà inú ọ̀rá ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò, torí iyọ̀ ti wà nínú omi ẹran. Omi ṣì ń hàn nísàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n fi ń pa iná, nítorí bí iná tilẹ̀ kú, Indomie ò ní yéé mu.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sè é de ẹnikẹ́ni. Ọmọ wọn tó bá pẹ́ níbi iṣẹ́ á bá ẹran àti omi ẹran lórí gáàsì, pẹ̀lú ọ̀rá Indomie kan tí wọn ò tíì já. “Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni o,” ni wọ́n á ké látinú yàrá, “má sì jẹ́ kó gbẹ!”