Àròkọ Tí Kò Ní Olùgbọ́

Ẹni tí ó bá dé ọjà Kantamanto ní ìlú Accra, ní ilẹ̀ Gánà, yóò rí òkìtì aṣọ òkìríkà tí a kó ti òkè-òkun wá. Obroni wawu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èyí ni aṣọ òyìnbó tí ó ti kú. Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, iná jó apá púpọ̀ nínú ọjà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹtajà sì pàdánù ìsọ̀ àti ọjà wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ ọ̀kan nínú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, olùkọ́ kọ àkọlé sí ojú pátákó: "Bí Mo Ṣe Lo Ìsinmi Mi." Kí ni ọmọ yìí yóò kọ? Bí a bá kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ wọn níbi púpọ̀, láti Accra dé Ìbàdàn, yóò kọ pé òun lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá òun ní abúlé, wọ́n pa adìẹ, òun sì gbádùn púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí ó há sórí ti wí. Kò ní dárúkọ iná. Kò ní sọ bí ìyá rẹ̀ ti ń fi igi tú eérú. Olùkọ́ yóò fún un ní máàkì méje nínú mẹ́wàá, irọ́ yóò sì gba ẹ̀bùn.

Èmi kò wí pé kí a fi ipá mú ọmọ kọ ìbànújẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ó mọ̀ pé ohun tí ojú òun rí tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Ọmọ tí kò mọ èyí ni a máa ń pè ní ọ̀lẹ nígbà tí ó bá jókòó ti ìwé òfìfo. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò rí ìdí tí òun fi níláti kọ ni.

Àwọn baba wa mọ ìdí náà. Apàlọ́ kì í dá sọ̀rọ̀: àwọn olùgbọ́ ń dáhùn, wọ́n ń gbe orin, wọ́n ń bi í léèrè. Bí a ti ń pa ti Ìjàpá nílé ni àwọn Akan ń pa ti Ananse. Ṣùgbọ́n olùgbọ́ kan ṣoṣo ni àròkọ ilé-ẹ̀kọ́ ní, ẹni náà sì mú gègé pupa dání. Kí ó tó mọ ohun tí ọmọ wí, ó ti fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe mẹ́wàá. Ta ni yóò fẹ́ pa àlọ́ fún irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀? Àgbàlagbà pàápàá ń fẹ́ ẹni tí ń retí iṣẹ́ rẹ̀: olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje ọdún 1936.

Àwọn kan yóò wí pé ìdánwò ń bọ̀, pé àṣìṣe kò ṣe é fojú fò. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àtúnṣe ní àsìkò tirẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́, kí ó kà á sí wọn létí. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ mú gègé. Kí ó sì jẹ́ ní èdè tí ọmọ fi ń lálàá. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó mú gègé pupa, ẹ kọ́kọ́ dáhùn àlọ́ ọmọ náà.