Ẹlẹ́rìí Ẹ̀bá Ààlà: Ìwé Ìrìn-àjò Erika Fatland

Ìròyìn nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Rọ́ṣíà. Nínú Grensen (2017), Erika Fatland, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, tọ ẹ̀bá ààlà ilẹ̀ náà láti Kòríà Àríwá dé Nọ́wè: orílẹ̀-èdè 14. Ẹnu àwọn tí ó bá a pààlà ni ó ti gbọ́ ìtàn alágbára yìí. Ọgbọ́n ìwé náà nìyẹn. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Ukréìn ní 2022, ohun tí ó jọ àròyé lẹ́nu wọn di ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà: ohùn aládùúgbò borí ti onílé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣe lámèyítọ́ ìwé ìrìn-àjò máa béèrè pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀?